Ilé Ooru Ẹ̀yìnkùlé

Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i gbẹ̀yìn,
Noki, ológbò Lempi, tó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo adágún,
adágún ò wò ó.
Mo bu ẹja sáwo fún un kí n tó sùn.
Ẹja náà ló bá mi jí.

Etí mi kì í ṣe etí mọ́.
Ẹ̀rọ kékeré tí dókítà ní kí n máa fi sí i
wà nínú ife lórí tábìlì, òun àti bọ́tìnnì méjì.
Ta ni mo fẹ́ gbọ́?

Mo wá a. Ẹ má pè mí lọ́lẹ.
Mo wo inú ẹ̀rọ ìfọṣọ,
mo wo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí mo ti dojú rẹ̀ dé nítorí òtútù,
mo fa dúróà ìbọ̀sẹ̀,
torí ó ti há síbẹ̀ rí, lọ́dún tí a kun ilé,
Lempi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Lempi a máa kà kó tó tilẹ̀kùn:
"Èmi rèé, ìwọ rèé, Noki dà?"
Ó dìgbà tó bá rí ìrù kó tó yí kọ́kọ́rọ́.
Èmi kì í kà. Kí ni kíkà nínú ẹni mẹ́ta?

Lọ́jọ́ kẹta mo gbé ìbínú kọ́rùn lọ sílé Raimo.
Mo ní, "Ajá rẹ ló pa á."
Ajá ọ̀hún nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
eyín ẹnu rẹ̀ ò pé mẹ́rin.
Raimo ò fèsì. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi:
bàtà ọ̀tọ̀, bàtà ọ̀tọ̀.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi bọ́ sórí yìnyín,
kò fọ́, ó kàn dì síbẹ̀.

Vieno ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ló wá lọ́jọ́ karùn-ún. Kò kanlẹ̀kùn.
Ó ń fi etí lé ògiri kiri àgbàlá mi
bí ẹni ń gbọ́ inú màlúù aboyún.
Ó lé e mọ́ ilé igi ìdáná, ó lé e mọ́ ibi kẹ̀kẹ́,
ó dé sọ́nà, ó nawọ́ sókè.

Sọ́nà, ilé ooru tí èmi àti Lempi fi pákó kọ́,
tí a jọ ń làágùn níbẹ̀ ní Sátidé fún ogójì ọdún.
Mi ò dáná síbẹ̀ mọ́.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kí n má purọ́,
mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkè nínú òtútù, tèmi ti kóòtù,
mo gbé ìgbakọ onígi rẹ̀ lọ́wọ́.
Nígbà tí mo gbọ́ ara mi tí mò ń bá a sọ̀rọ̀
ojú tì mí, mo fò dìde, mo ti ilẹ̀kùn gbà!
mo fi ìkọ́ kọ́ ọ.
Mi ò wẹ̀yìn.

Vieno ló ṣí ìkọ́ náà.
Noki ti lá omi garawa kan ilẹ̀,
imú rẹ̀ funfun fún eérú àtijọ́.
Kò sá, kò ké. Ó gba àárín ẹsẹ̀ mi
bí ẹni ń gba àárín igi méjì kọjá,
ó lọ síbi àwo.

Mo gbé ẹja mẹ́ta tí mo fi èéfín yan lọ fún Raimo.
Ó mú méjì, ó dá ọ̀kan padà:
"Ti ológbò nìyẹn."
Bí a ṣe ń tọrọ àforíjì létí adágún wa nìyẹn.

Ní Sátidé mo yọ ẹ̀rọ nínú ife, mo fi sétí.
Mo kó igi. Iná kọ̀, iná kọ̀, iná gbà.
Mo fẹ́ tilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ró.
"Èmi rèé," mo ní.
Mo dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kejì yẹ kó wà.
"Noki dà?"
Ó wà lórí bẹ́ǹṣì òkè, ní apá ibi tí Lempi máa ń jókòó,
ó ń lá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ dá mi lóhùn.
Mo fi ìgbakọ há ẹnu ilẹ̀kùn.
Ooru ń jáde lọ sórí adágún. Kó máa lọ.